Eré 25 Nínú 162: Ìbéèrè Yín Lórí Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Béésíbọ́ọ̀lù

Lẹ́tà lórí béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pọ̀ lóṣù yìí, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn tí oṣù kẹrin bá ti dé. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí ti ń ra fìlà, ẹni tí tirẹ̀ ń fìdí rẹmi ti ń ṣépè. A ṣa àwọn ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ béèrè. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: "ayò" ni ohun tí ẹgbẹ́ ń rí bí ẹni tirẹ̀ bá sáré yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àmì tó wà nílẹ̀ lórí pápá) ká tó sì padà délé. "Ajubọ́ọ̀lù" ni ẹni tó dúró láàrin pápá tó ń sọ bọ́ọ̀lù. "Alubọ́ọ̀lù" ni ẹni tó di igi mú tó ń dúró dè é. Abala 9 ló wà nínú eré kan, wọn kì í sì í ta ọ̀mì.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ tí mò ń tẹ̀lé ti gbá eré 25, 8 péré ni wọ́n borí. Ọkọ mi ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣé sáà ti parí fún wa ni? (Ìyá Ìbejì, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa á, mà. Ojú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọkọ yín fi ń wò ó. Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ eré 38, ti Major League Baseball, líìgì béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, jẹ́ 162. Eré 25 nínú 162 kò ju eré 6 nínú 38 lọ. Ta ló ń gbẹ́ sàréè fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn eré mẹ́fà?

Ẹ mú owó ẹyọ kan, kí ẹ jù ú sókè nígbà 25. Ó yẹ kí orí rẹ̀ yọ ní ìgbà 12 tàbí 13, àmọ́ ẹ ó rí 10, ẹ ó rí 15, ẹ sì lè rí 8 pàápàá. Bó ṣe rí fún ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ wà láàrin gbùngbùn náà nìyẹn. Nínú eré 25, ó lè borí 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún, ó sì lè pàdánù 17 bákan náà. Ẹgbẹ́ 30 ló wà. Ẹgbẹ́ kan tàbí méjì lè wà lókè tábìlì tó jẹ́ oríire ló gbé wọn dé ibẹ̀, kan tàbí méjì sì lè wà nísàlẹ̀ tí kò burú tó bó ṣe hàn.

Ó wá ku ìṣirò. Apá méjì ni líìgì náà pín sí. Láti 2022, ẹgbẹ́ 6 nínú 15 ni American League ń mú lọ sí ìdíje oṣù kẹwàá tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife, National League náà ń mú 6 nínú 15 tirẹ̀. Láàrin 2022 sí 2025, ìborí tó gbé ẹgbẹ́ kẹfà wọlé kò kéré ju 83 lọ (Cincinnati Reds, 2025), kò sì ju 89 lọ. Ká sọ pé 87 lẹ ń lé. Ẹ ti ní 8, ó ku 79 nínú eré 137, ìyẹn nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ gidi lè ṣe é, kò nílò iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston kò sì nílò àpẹẹrẹ ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún 2024, nínú eré 26 àkọ́kọ́ wọn, Astros borí 7, wọ́n pàdánù 19. Ajubọ́ọ̀lù wọn Ronel Blanco ju eré tí alubọ́ọ̀lù kankan kò ti rí bọ́ọ̀lù lù dé béèsì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, síbẹ̀ wọ́n wà nísàlẹ̀. Èjìká Justin Verlander, ajubọ́ọ̀lù wọn mìíràn, kò jẹ́ kó bá wọn bẹ̀rẹ̀ sáà. Láti ibẹ̀ wọ́n borí 81, wọ́n pàdánù 54, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn (ẹgbẹ́ márùn-ún tó jọ wà lórí tábìlì kan) pẹ̀lú ìborí 88. Washington Nationals 2019 tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: 19 sí 31 (ìborí 19, ìpàdánù 31) ni wọ́n wà ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, wọ́n wá borí 74 nínú 112 tó kù, wọ́n sì gba World Series, ìdíje àṣekágbá, lọ́wọ́ Astros kan náà nínú eré méje.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oṣù kẹrin kò já mọ́ nǹkan kan. Eré tó ti lọ ti lọ, kò sí ẹni tó máa dá a padà. Ní 2024, New York Mets, Atlanta Braves àti Arizona Diamondbacks ló jọ parí pẹ̀lú ìborí 89. Ààyè méjì ló ṣẹ́ kù. Wọ́n kàn ṣí ìwé wò bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bá ara wọn gbá láàrin sáà ni, Arizona sì jókòó sílé. Mets yẹn kan náà ló pàdánù eré 5 àkọ́kọ́ wọn. Ká ní wọ́n tún pàdánù ẹyọ kan sí i lọ́jọ́ tí òtútù ṣì ń mú, àwọn ni ì bá jókòó sílé.

Ìbéèrè: Mi ò rí póíǹtì lórí tábìlì wọn. Kí ni GB tí mò ń rí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Kò sí póíǹtì lóòótọ́. W ni ìborí, L ni ìpàdánù, PCT ni ìborí tí a pín sí iye eré tí wọ́n ti gbá. GB ni iye eré tí ẹgbẹ́ fi wà lẹ́yìn ẹni tó ṣáájú. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀: ẹ yọ ìborí ẹgbẹ́ yín kúrò nínú ti aṣáájú, ẹ yọ ìpàdánù aṣáájú kúrò nínú tiyín, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Bí aṣáájú bá wà ní 17 sí 8, tí ẹ̀yin wà ní 12 sí 12, ìyàtọ̀ ìborí jẹ́ 5, ti ìpàdánù jẹ́ 4, àpapọ̀ 9, GB yín jẹ́ 4.5. Ìdajì yẹn máa ń yọ nígbà tí iye eré kò bá tíì dọ́gba, torí òjò máa ń sún eré síwájú lóṣù kẹrin. Òpó L ni kí ẹ máa wò jù: eré tí òjò sún síwájú ṣì lè di ìborí, ìpàdánù kò lè yí padà.

Ìbéèrè: Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ tó wà lókè dára lóòótọ́, tàbí oríire ló ń jẹ? (A. O., Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ fi ìborí sílẹ̀ ná, kí ẹ wo ayò. Òpó RS lórí tábìlì ni ayò tí ẹgbẹ́ kó, RA ni èyí tí àwọn alátakò kó lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ tó fi ayò kọ̀ọ̀kan borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó wá fi ayò 9 àti 11 pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, tábìlì á pè é ní 5 sí 2, àmọ́ ayò rẹ̀ ti jin sí kòtò 15. Ayò la máa ń gbà gbọ́.

Bill James, òǹkọ̀wé tó ń fi ìṣirò yẹ béésíbọ́ọ̀lù wò, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò báyìí. Ká ní lẹ́yìn eré 25, RS jẹ́ 130, RA jẹ́ 100. 130 lọ́nà 130 jẹ́ 16,900. 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 26,900. Ẹ pín 16,900 sí 26,900, ẹ ó rí 0.628. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25: nǹkan bí ìborí 16. Bí tábìlì bá ní 19 ni wọ́n borí, ẹ mọ̀ pé mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Ó dára ẹgbẹ́ náà, àmọ́ kò dára tó 19. Ní ìdà kejì, ẹgbẹ́ tó kó 95, tí wọ́n kó 105 lé lórí, ó yẹ kó ti borí 11. Bó bá jẹ́ 7 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni kí ẹ máa ṣọ́ lóṣù karùn-ún, torí ẹgbẹ́ yẹn kò jìnnà sí ẹni àárín.

Ìṣirò yìí kì í ṣe ti oṣù kẹrin nìkan. Colorado Rockies 2025 kó ayò 597, wọ́n kó 1,021 lé wọn lórí. Ìṣirò ní ìborí 41 ló tọ́ sí wọn, 43 ni wọ́n rí. Ẹni tó bá ní orí burúkú ló ń bá Rockies jà kò tíì wo òpó méjèèjì yẹn. Seattle Mariners 2001 kó 927, wọ́n kó 627 lé wọn lórí, ìṣirò ní 111, wọ́n rí 116.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni eré kan ṣoṣo tó lọ sódì. Bí ẹgbẹ́ bá ti rí i pé òun ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ayò 10 ní abala kẹjọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá á fi àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́, á ní kí ẹni tó ń ṣọ́ béèsì wá máa sọ ọ́, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀lù yẹn ṣeré. Ayò bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa. Kí eré tó pé 20, ẹ yọ irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò kí ẹ tó ṣírò. Ẹ tún béèrè pé ta ni wọ́n bá gbá. Tampa Bay Rays 2023 borí eré 13 àkọ́kọ́ wọn láìpàdánù ọ̀kan, wọ́n kó 101, ẹni kankan ò kó ju 30 lé wọn lórí lápapọ̀. Ẹgbẹ́ gidi ni. Àmọ́ mẹ́ta nínú eré náà jẹ́ pẹ̀lú Oakland Athletics, tó pàdánù 112 lọ́dún yẹn.

Ìbéèrè: Ta ló bẹ̀rẹ̀ dáadáa jù nínú ìtàn, ibo ni wọ́n sì parí sí? (Bàbá Káyọ̀dé, Ọ̀ṣogbo)

Ìdáhùn: Detroit Tigers 1984 ni, sà. Wọ́n borí 35 nínú 40 àkọ́kọ́. Wọ́n wà lókè láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n parí pẹ̀lú 104, wọ́n sì na San Diego Padres 4 sí 1 nínú World Series. Ẹ wo ìyókù sáà náà dáadáa o: 69 sí 53 ni. Ẹgbẹ́ tó dára ni ìyẹn, kò sí ohun àrà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kó pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ títí dé oṣù kẹsàn-án.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Milwaukee Brewers 1987 borí 13 léraléra, oṣù karùn-ún dé, wọ́n pàdánù 12 léraléra. Ìborí 91 ni wọ́n fi parí, ipò kẹta, wọn ò sì dé ibì kankan, torí ẹgbẹ́ 4 péré ló ń lọ sí ìdíje oṣù kẹwàá nígbà náà. Lóde òní, 91 á mú wọn wọlé. Seattle Mariners 2019 ló dùn wá jù: 13 sí 2, wọ́n ń lu bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri ní eré 20 àkọ́kọ́ láìdá ọjọ́ kan sí, wọ́n sì parí sí 68 sí 94, ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìsọ̀rí wọn. Ọwọ́ wọn kò mú bọ́ọ̀lù. Àṣìṣe wọn lórí pápá ti pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá ògiri bò ó mọ́lẹ̀. Los Angeles Dodgers 2025 borí 8 àkọ́kọ́, èjìká àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ṣe 85 sí 69 nínú ìyókù, wọ́n sì tún gba ife.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kan na alátakò 9 sí 0 lánàá. Lónìí, àwọn kan náà ni wọ́n kó ayò 11 lé lórí. Ṣé ẹgbẹ́ kan náà lèyí? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta)

Ìdáhùn: Rárá, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Ajubọ́ọ̀lù ni ìdajì ẹgbẹ́, òun ni wọ́n sì ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Èèyàn 26 ló wà nínú ẹgbẹ́, ajubọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju 13 lọ nínú wọn. Márùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀ eré ní yíyípo, nítorí náà nínú eré 25, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò bẹ̀rẹ̀ ju márùn-ún lọ. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń lo gólíkípà márùn-ún, tí ìkíní jẹ́ ọ̀gá, tí ìkarùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti líìgì kejì.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ máa ń ju abala 5 tàbí 6, àwọn àpààrọ̀ á ju èyí tó kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń yọ lóṣù kẹrin. Apá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbóná tán, wọ́n á mú un jáde ní abala kẹta, àpààrọ̀ mẹ́rin á pín abala 6 láàrin ara wọn. Lọ́jọ́ kejì mẹ́ta nínú wọn kò lè jù ú. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n jù ú, bọ́ọ̀lù wọn kò yá mọ́, ẹgbẹ́ tó wà níwájú 4 sí 2 á pàdánù ní abala kẹjọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló bà jẹ́, tábìlì á fi hàn bí ìpàdánù mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ yín máa borí lọ́la, ẹ ka iye abala tí àwọn àpààrọ̀ ti jù láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ti kọjá 12, ẹ má ta tẹ́tẹ́.

Ìfarapa náà wà níbẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó fara pa, ó kéré tán ọjọ́ 15 ni kó tó padà. Alubọ́ọ̀lù ń lo ọjọ́ 10. Èyí tó bá jẹ́ ti iṣan ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó lè gba ọdún kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rays tí a sọ lókè yẹn, nínú ìborí kẹtàlá gan-an ni ìgbọ̀nwọ́ ajubọ́ọ̀lù wọn Jeffrey Springs bà jẹ́. Drew Rasmussen tẹ̀ lé e, Shane McClanahan tẹ̀ lé e. Ìborí 99 ni wọ́n ṣì rí, Baltimore Orioles ló gba ìsọ̀rí náà, Texas Rangers sì lé wọn jáde nínú eré méjì péré.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé òtútù ń ṣe bọ́ọ̀lù? (Chicago)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, bọ́ọ̀lù tí ì bá fò kọjá ògiri lóṣù keje á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá. Igi náà á máa ta ọwọ́ alubọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù kò sì ní lè di bọ́ọ̀lù mú dáadáa. Ayò máa ń kéré nígbà náà ní Chicago, Detroit, Minneapolis àti Boston. Ibi tí wọ́n ní òrùlé tí wọ́n lè tì, bíi Toronto àti Milwaukee, kò mọ ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń fi àwọn alubọ́ọ̀lù ìlú méjì wéra, ẹ wo ibi tí wọ́n ti gbá. Denver ló tún yàtọ̀ pátápátá: ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,600, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń fò bí ẹyẹ. Ayò tí Rockies, ẹgbẹ́ Denver, bá kó nílé, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ti ìrìn àjò ni kí ẹ wò.

Ìbéèrè: Alubọ́ọ̀lù tó dára jù fún wa ń lu 0.180. Ṣé ó ti darúgbó ni? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: 0.180 túmọ̀ sí pé nínú ìgbà 100 tó dúró, ìgbà 18 ló lu bọ́ọ̀lù dé béèsì. Tó bá ti dúró nígbà 90, ìyàtọ̀ láàrin 0.180 àti 0.250 jẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́fà tàbí méje. Ẹ wo bó ṣe ń kùnà láti kan bọ́ọ̀lù rárá. Iye yẹn ló tètè ń sọ òótọ́. Bó bá ń kan bọ́ọ̀lù bíi ti èṣí, tó kàn jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ pápá ló ń bọ́ sí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ìkùnà rẹ̀ bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i, ẹ ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ìbéèrè: Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn! (Ọ̀pọ̀ èèyàn)

Ìdáhùn: Baltimore Orioles gbìyànjú rẹ̀ ní 1988. Lẹ́yìn ìpàdánù 6, wọ́n lé Cal Ripken Àgbà. Frank Robinson gorí àga, ó pàdánù 15 sí i léraléra. Ìpàdánù 21 pé kí wọ́n tó borí eré kan, 9 sí 0 ní Chicago lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin. 54 sí 107 ni wọ́n parí. Colorado lé Bud Black ní 2025 nígbà tí wọ́n wà ní 7 sí 33; wọ́n pàdánù 86 nínú 122 tó kù. Philadelphia Phillies 2022 ló jọ pé ó ṣiṣẹ́ fún: 22 sí 29 nígbà tí Joe Girardi lọ, 65 sí 46 lábẹ́ Rob Thomson, wọ́n dé World Series. Àmọ́ àwọn alubọ́ọ̀lù olówó gọbọi ti wà nílẹ̀ ní Philadelphia. Ní Colorado, ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ì bá rán jáde láti ju bọ́ọ̀lù?

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: Orioles 1989, ọdún tó tẹ̀ lé ìtìjú yẹn, borí 87, wọ́n sì wà nípò kejì.

Ìbéèrè: Nílé, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn NPFL á já sí ìsàlẹ̀. Chicago White Sox pàdánù 121 ní 2024. Kí ló dé tí wọ́n ṣì wà? (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kò sí jíjá níbẹ̀. Àwọn olówó 30 ló ni líìgì náà, àga kálukú jẹ́ tirẹ̀. Dípò ìyà, ẹni tó gbẹ̀yìn máa ń sún mọ́ iwájú ìlà nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Kí ẹgbẹ́ má baà máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, láti 2023 wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún ipò 6 àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta tó burú jù sì ní àǹfààní kan náà. Ẹgbẹ́ ìlú ńlá tí owó ń wọlé fún kò sì gbọdọ̀ bọ́ sínú kèké ní ọdún méjì léraléra. White Sox ti yan ìkarùn-ún ní 2024. Nítorí náà, lẹ́yìn ìpàdánù 121, ipò kẹwàá ni wọ́n fún wọn ní 2025, Washington ló sì yan ìkíní. Ìyà tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì dun àwọn ará Chicago.

Ìbéèrè: Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀? (Cotonou)

Ìdáhùn: Japan ní tiwọn. Ẹgbẹ́ 12, eré 143, wọ́n sì ń ta ọ̀mì níbẹ̀ lẹ́yìn abala 12. Hanshin Tigers bẹ̀rẹ̀ 2022 pẹ̀lú ìpàdánù 9 léraléra, wọ́n sì wà ní ìborí 1, ìpàdánù 15, ọ̀mì 1. Wọ́n parí pẹ̀lú ìborí 68, ìpàdánù 71, ọ̀mì 4. Ipò kẹta nìyẹn, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì ń lọ síwájú nínú mẹ́fà, torí náà wọ́n wọlé pẹ̀lú ìpàdánù tó ju ìborí lọ. Wọ́n lé DeNA BayStars jáde ní ìpele àkọ́kọ́ kí Yakult Swallows tó dá wọn dúró.